Ẹ gbà mí o, wọ́n ní ẹrẹ̀ ni mo kàwé fún

Ọmọ Kétu: Ẹ kú ilé o. Inú ń bí mi débi pé oorun ò kùn mí. Níbi ìkómọ àbúrò wa, ojú gbogbo èèyàn ni ẹ̀gbọ́n mi ti ní, "Ẹ wo ẹni tó kàwé kàwé, tó wá ń wa ẹrẹ̀ bí alámọ̀ ìkòkò." Àwọn àna wa bú sẹ́rìn-ín! Ẹrẹ̀ tí a fà láti ìsàlẹ̀ adágún, tá a fi ń mọ irú igbó tó wà láyé àtijọ́, tí kò gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù, mo fi sínú firísà màmá wa. Wọ́n dà á síta nítorí ẹja. Wọ́n ti gbà mí fún dókítọ́rà (PhD) ní Jámánì, ẹ̀gbọ́n mi ní àfi kí n wá ṣe tíṣà. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Má dá wọn lóhùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tèmi ka jeógíráfì, ọ̀kadà zémìjàn ló ń gùn ní Àjàṣẹ́ báyìí.

Bàbá Rámátù, Ṣábẹ̀ẹ́: Ta ló máa sanwó Jámánì? O ò sọ ìyẹn.

Ọmọ Kétu: Bàbá, iṣẹ́ ọpọlọ ni o! Lẹ́búlẹ́bú òdòdó inú ẹrẹ̀ la máa ń kà lábẹ́ microscope, 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìpele ẹrẹ̀ kan, ìyẹn la fi ń mọ irú igi àti koríko tó wà níbẹ̀ nígbà náà. Ẹrẹ̀ adágún Sélé ló jẹ́ ká mọ̀ pé igbó ló wà ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ níbí kí ọ̀dàn tó gbà á ní nǹkan bí ọdún 4500 sẹ́yìn.

Dáda Àjàṣẹ́: Iṣẹ́ wà. Láti 1999 ni òfin àyíká ti ní kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó dá iṣẹ́ ńlá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ lẹ́búlẹ́bú nìkan, wọn kì í pè é. Kọ́ yíya àwòrán ilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì: Ohun tí mo sọ náà nìyẹn.

Bàbá Rámátù, Ṣábẹ̀ẹ́: Zémìjàn lo sọ, ìyá. Ọmọ Kétu, owó dà?

Ọmọ Kétu: Owó wà, wọ́n á máa fún mi lóṣooṣù. Ẹ̀gbọ́n mi ni ìṣòro mi. Torí pé wọ́n ta ilẹ̀ wọn fi san owó master mi, ṣé wọ́n ti rà mí ni? Mo ní màá san án tí mo bá ríṣẹ́. Ṣé mo ti ríṣẹ́ ni?

Bàbá Rámátù, Ṣábẹ̀ẹ́: Háà! Ilẹ̀ ni wọ́n tà?

Dáda Àjàṣẹ́: O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀. Kó o tó wọ bàálù, mú àgbà kan dání, lọ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ jọ kọ iye tí wàá máa san lóṣù sílẹ̀. Ẹ̀rín ìkómọ kọ́ ló ń dùn wọ́n.

Ọmọ Kétu: Wọn ò tíì bi mí léèrè owó rí.

Bàbá Rámátù, Ṣábẹ̀ẹ́: Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá bèèrè?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ń gba ẹni tó ka jeógíráfì ní Jámánì yẹn?