Sípírínì ẹ̀yìn màṣíìnì mi: 51 ni kí n rà àbí 54?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin ni mò ń gbé. Ní Sátidé, mo máa ń gun màṣíìnì mi, alùpùpù 250cc tókunbọ̀ kan, gba ọ̀nà igbó lọ sí Òwá-Kájọlà níbi tí omi Òwú ti ń já bọ́ látorí àpáta. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kòtò pọ̀ ju títì lọ. Kílò 94 ni mí, ká má tíì ka àpò irinṣẹ́. Bí mo bá já sí kòtò báyìí, ẹ̀yìn á wọlẹ̀ gbì, táyà á ha mọ́dígáàdì, egungun ìdí mi á sì jẹ́rìí sí i.

Mo ti fún sípírínì náà pọ̀ títí. Bí mo bá jókòó, ó ń lọ sílẹ̀ ní mílímítà 100, èyí tó dára. Àmọ́ bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, ìwúwo màṣíìnì nìkan kò mú un lọ ju 12 lọ, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó tó 30 sí 40. Ohun tí mo kà ni pé sípírínì tó bá ṣe báyìí ti rọ̀ jù fún ẹni tó ń gùn ún. Mẹkáníìkì mi ní irọ́ ni, kí n kàn da ọ́ìlì tó ki sí ṣọ́ọ̀kì. Mi ò gbà. Ọ́ìlì ń dín eré rẹ̀ kù ni, kì í gbé ẹrù.

Newton 48 fún mílímítà kan ni èyí tó wà níbẹ̀, ìyẹn agbára tó ń mú un wọlé ní mílímítà kan; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe pọ̀ tó ni sípírínì ṣe ń le tó. Ṣé 51 ni kí n rà, àbí 54? Èkó ni wọ́n ti máa bá mi gbé e wá, kò sì sí dídá padà.

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú o.