Ọ̀wẹ̀ kọ̀ǹpútà láti abúlé: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Tíṣà Òkè-Ògùn:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọlé fún bí omi ẹ̀rọ, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun àpáta kí WhatsApp tó lọ, tí ẹ sì ní BOINC lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu yín.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: láti Yunifásítì California ní Berkeley ni BOINC ti bẹ̀rẹ̀ ní 2002, kí kọ̀ǹpútà tó jókòó lásán nílé ẹnikẹ́ni lè máa ṣe ìṣirò fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n á gé iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí ọ, kọ̀ǹpútà rẹ á ṣe é, á dá èsì padà. Ọ̀wẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tí iṣẹ́ oko bá pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ. Àfi pé ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ yìí kì í se oúnjẹ.

Ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ n'Ìbàdàn ní 2007 ni mo kọ́kọ́ rí i. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé malariacontrol.net sórí kọ̀ǹpútà yàrá wa. Swiss Tropical Institute ní Basel ló ń fi ṣírò bí ibà ṣe ń ràn, àti ohun tí àwọ̀n ẹ̀fọn tàbí oògùn lè dín kù nínú rẹ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nínú ibà lọ́sẹ̀ náà, ta ló tún máa bẹ̀ mí?

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn Ṣakí. Ìparí 2019 ni mo gbọ́ nípa Africa Rainfall Project lórí World Community Grid, ojúkò kan tó ń fi BOINC pín iṣẹ́. Yunifásítì Delft ní Netherlands ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣírò òjò ọdún kan gbáko ní Áfíríkà, gúúsù Sàhárà, kí ó fojú hàn dé kìlómítà kan síra. Ìdí ni pé òjò tiwa kì í ṣe èyí tó ń bo gbogbo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọsánmà kékeré ni: á rọ̀ sí oko Lágbájá, oko Tàmẹ̀dò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gbẹ táútáú. Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀tá, ẹni eji rí l'eji ń pa. Bàbá mi tó jẹ́ àgbẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òjò mọ oko tó ń yàn. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà.

Mo ra dátà 3 GB, mo tan hotspot fóònù, mo lọ sùn. Nígbà tí mo jí, SMS méjì ló ń dúró dè mí. Àkọ́kọ́ ní dátà mi ti ń lọ tán, èkejì ní ó ti tán. Oṣù ṣì ku ọjọ́ 26! Lóòótọ́ iṣẹ́ òjò wúwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú u wò, ó ju ìdajì dátà yẹn lọ tí kọ̀ǹpútà fi tún ara rẹ̀ ṣe lóru. Ó rò pé Wi-Fi ọ̀fẹ́ ni hotspot. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “metered” sí nínú ètò Wi-Fi yín, kí ẹ tan án kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní.

Èsì tó yẹ kó jáde tún wá di ogun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wà ní 4G, á ṣàdédé di E. Ohun tí mo fẹ́ràn lára BOINC ni pé bó bá já, ibi tó já sí ni yóò ti máa bá a lọ. Síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá lórí iṣẹ́ mẹ́ta, bó bá sì ti kọjá, wọ́n á gbé ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo fi òjò sílẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọjà ló gbà mí. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà tí mò ń lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ sì dúró dáadáa. Nílé, mo ti íntánẹ́ẹ̀tì BOINC pa pátápátá. Mo ní kó máa kó iṣẹ́ ọjọ́ 5 pamọ́, kó fi ti ọjọ́ 1 lé e, torí omi lè dí ọ̀nà. Lọ́jọ́ ọjà, laptop á wà nínú báàgì lẹ́yìn mi lórí ọ̀kadà. Mo jókòó lọ́dọ̀ ìyá alámàlà, mo ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, èsì á jáde, iṣẹ́ tuntun á wọlé, èmi náà á ti yó. Oṣù méjì àkọ́kọ́, ọmọ Yahoo ni ìyá yẹn kà mí sí, àfìgbà tí ọmọ rẹ̀ tí mò ń kọ́ dé bá wa níbẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ kí mi.

Einstein@Home ni mò ń ṣe báyìí, iṣẹ́ BOINC kan tó ń wá ohun tó fara sin lójú ọ̀run. Nínú iṣẹ́ gravitational wave tiwọn (ìgbì tí àwọn ohun ńláńlá ojú ọ̀run ń dá sílẹ̀), fáìlì kan náà ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ máa ń lò: ó fà á wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó ń ro ó fún ọjọ́ pípẹ́. Ọjọ́ 14 ni wọ́n sì ń fún wa, kì í ṣe kí wọ́n máa lé ni bí olè. Ní 2010, kọ̀ǹpútà tọkọtaya kan ní Iowa, ilẹ̀ àgbàdo bíi tiwa, àti ti ẹnì kan ní Mainz ní Jámánì, ló bá wọn rí ìràwọ̀ pulsar tuntun. Èmi ò tíì rí nǹkan kan o.

Ó kàn yín.

Ọmọ Kétu:

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Ní tiwa lápá Benin níhìn-ín, fóònù Android àtijọ́ ni mo gbé BOINC sí. Ọjọ́ mẹ́ta, kò ṣe nǹkan kan. Àṣé ó ń retí kí bátìrì dé 90% kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù sólà tí mo ti ń sanwó gba iná kì í jẹ́ kí fóònù dé 80 kí wọ́n tó yọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Wi-Fi nìkan ló sì gbà láti fi ránṣẹ́. Ta ló ní Wi-Fi? Mo yí bátìrì sí 60, mo jẹ́ kó máa lo forfait mi (dátà tí mo rà), iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ohùn rédíò tí awò ńlá Arecibo ní Puerto Rico gbà láti ojú ọ̀run ló ń yẹ̀ wò. Awò náà wó lulẹ̀ ní oṣù kejìlá 2020, àmọ́ ohùn tó gbà sílẹ̀ ń wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò.

Ó dùn títí di oṣù kẹta, ẹ mọ ooru oṣù kẹta. Ẹ̀yìn fóònù wú bí àkàrà. Mo jù ú sí àgbàlá, mo sá. Ẹ má fi fóònù tó ń ṣiṣẹ́ sábẹ́ ìrọ̀rí o.

Àgbà Ayárabíàṣá:

Ọmọdé ni gbogbo yín. SETI@home ni èmi bẹ̀rẹ̀ sí ṣe, ètò tó ń wá àmì ẹ̀dá mìíràn nínú ohùn rédíò ojú ọ̀run, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1999, pẹ̀lú mọ́dẹ́ẹ̀mù tó ń han bí ewúrẹ́. Ẹyọ iṣẹ́ kan kò ju nǹkan bí 340 KB lọ, ohùn ìṣẹ́jú-àáyá 107 péré, kọ̀ǹpútà mi á sì fi ju ọjọ́ kan lọ jẹ ẹ́. Ẹrù kékeré, iṣẹ́ ńlá: irú èyí ló bá abúlé mu. Wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ pínpín dúró ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2020.

Ará Ìdànrè:

Mo rò pé mo gbọ́n ju Tíṣà lọ. Kọ̀ǹpútà tèmi kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, torí náà mo da gbogbo fódà BOINC sínú fláàṣì, mo fi rán àbúrò mi ní Àkúrẹ́ kó bá mi ti èsì jáde lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ dára. Nígbà kejì, mo jẹ́ kí tilé máa ṣiṣẹ́ lọ, mo tún wá ṣí íntánẹ́ẹ̀tì sí i. Ibi tí iṣẹ́ ti ń wá rí kọ̀ǹpútà méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ó sọ tèmi di àlejò. Iṣẹ́ mẹ́sàn-án di ọmọ òrukàn. Bí fódà bá lọ, kí ti ilé sùn títí yóò fi padà dé.

Olùṣirò:

GIMPS ni tèmi, ètò ọ̀wẹ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn, láti 1996. Nọ́ńbà tí kò ṣe é pín àfi pẹ̀lú 1 àti ara rẹ̀ là ń wá. Èyí tí wọ́n rí ní oṣù kẹwàá 2024 ní díjíìtì 41,024,320. Iṣẹ́ P-1 ni mo máa ń gbà, ìyẹn wíwá ohun tó lè pín nọ́ńbà náà: ìlà kan ni mo fi gbà á, ìlà kan náà ni èsì, fóònù ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì lè fi í ránṣẹ́. Ẹ má gba PRP, ìdánwò ńlá tó ń yẹ nọ́ńbà náà wò fúnra rẹ̀, tí ẹ kò bá ní dátà. Fáìlì ẹ̀rí tó ń bá a rìn lè ju 100 MB lọ.

Àlejò:

Ta ló ń san owó sólà? Ẹ ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún Òyìnbó, ẹ tún ń fi owó ọ̀kadà lé e.

Tíṣà Òkè-Ògùn:

Àlejò, ìyàwó mi ti bi mí ṣáájú yín. Sólà ti wà nílé fún gílóòbù àti fáànù. Láàárín aago 11 sí aago 3 ọ̀sán, bátìrì ti kún, iná kàn ń ṣòfò ni. Àkókò yẹn nìkan ni BOINC ní. Ọjà, mo máa ń ná an tẹ́lẹ̀. Ní ti dátà, kò tó ohun tí ìyàwó mi fi ń wo bí wọ́n ṣe ń wé gèlè.

Ní ti Òyìnbó, èyí tí mo fẹ́ ṣe fún ara wa, iṣẹ́ òjò, òun gan-an ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò lè gbé. Àwọn tó ní íntánẹ́ẹ̀tì olókùn níbi tó jìnnà ló bá wa ṣírò òjò tó ń rọ̀ sórí páánù ilé mi. Ìyẹn ló ń bí mi nínú, kì í ṣe owó sólà.

Àgbà, ẹ ṣeun, “ẹrù kékeré, iṣẹ́ ńlá” ni mo máa kọ sí ara laptop yìí.

Ọ̀túnla ni ọjà. Iṣẹ́ mẹ́rin ti parí, ìkarùn-ún wà ní 71%, òjò sì ti ṣú níhìn-ín. Mò ń lọ yọ wáyà sólà.