Òbí tó padà sí ilé ẹ̀kọ́: ìrànlọ́wọ́ wo ló ń ṣiṣẹ́?

Láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin):

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bí ẹbí ṣe lè ran òbí tó padà sí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Kí ẹ tó ra kàyé (ìwé àjákọ) fún un, ẹ kọ́kọ́ ní kó mú ìwé ìbí rẹ̀ jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, kì í ṣe nínú ìṣirò. Ẹni tó fẹ́ ṣe BEPC (ìdánwò ìparí ìpele kìíní girama) tàbí BAC (ìdánwò àṣekágbá girama) láì jókòó ní kíláàsì, ìyẹn candidat libre, orúkọ inú ìwé ìbí ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ àwa Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ Benin, ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ jù: Adéṣínà kan náà, akọ̀wé kan á kọ ọ́ ní Adéchina, òmíràn á kọ Adeshina. Bí ìwé ìbí àti ìwé CEP (ẹ̀rí ìparí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) kò bá bára mu, wọ́n lè dá ìwé rẹ̀ padà. Obìnrin tó wà nílé ọkọ, orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ni kó fi sílẹ̀, bí gbogbo àdúgbò tiẹ̀ ń fi orúkọ ọkọ pè é. Ẹni tí kò ní ìwé ìbí rárá, ilé ẹjọ́ ni yóò gbà kọjá, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Ìforúkọsílẹ̀ ti máa ń parí ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ìdánwò, nítorí náà ìgbà ìsinmi ńlá, oṣù keje sí ikẹjọ, ló yẹ kí ẹbí ti máa bá a lé ìwé kiri.

Ti owó kò le tó bẹ́ẹ̀. Àjọ 200 fáràǹ lójúmọ́ di 6,000 lọ́gbọ̀n ọjọ́. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni kí ìgbà tirẹ̀ láti kó àjọ bọ́ sí ẹ̀yìn ìforúkọsílẹ̀. Kí ó tètè bẹ olórí àjọ kí wọ́n tún ètò náà tò.

Láti Kétu:

Ohun tó ń ba ètò ìkàwé jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni pé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje la fi ń tò ó, ọjà kò sì mọ ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ wo ọjà ọrọọrún, tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta péré ló ń wà láàárín ọjọ́ ọjà kan sí èkejì. Bí ó bá bọ́ sí Ajé lónìí, Ẹtì ló tún kàn, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé. Ọjọ́ 28 gbáko. Ẹni tó bá kọ ọ́ sára ògiri pé “Ìṣẹ́gun: ìṣirò”, ọjà á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á wá rò pé ọ̀lẹ lòun. Ẹ bá a ya tábìlì ọjọ́ 28, kí ẹ fi ẹfun kun ọjọ́ ọjà méjèèje. Ọjọ́ ọjà, kò sí ìwé. Ọjọ́ kejì ọjà, nígbà tí ara ṣì ń ro ó, kó ka ohun fúyẹ́ bí ìtàn àti jọ́gíráfì. Ìṣirò àti físíìsì di ọjọ́ méjì tó kù. Aago mẹ́rin ìdájí ló dára jù, kí àwọn ọmọ tó jí: ìṣẹ́jú 45, ìsinmi díẹ̀, ìṣẹ́jú 45 mìíràn.

Láti Àjàṣẹ́, ẹlòmíràn:

Ẹ̀gbọ́n Kétu, tábìlì yẹn dára, ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ìdájí kọ́ ni ti gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń ro àkàsà tà, ìdí iná ló wà nígbà yẹn. Fún irú wọn, aago méjì ọ̀sán, nígbà tí ọjà bá rọlẹ̀, ló ṣe é ṣe, bí ẹnì kan bá lè jókòó ti igbá fún wákàtí kan. Wákàtí kan ní pàtó ni mo wí. Ọkọ tó ń sọ pé “èmi náà ń ràn ọ́ lọ́wọ́” láì dárúkọ wákàtí kankan, kò tíì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kó sọ pé “láti aago méje sí mẹ́jọ alẹ́, èmi ni mo wẹ àwọn ọmọ, èmi ni mo fún wọn ní oúnjẹ.” Ìyẹn ni ìrànlọ́wọ́.

Láti Sábẹ̀ẹ́ (Savè):

Ẹ má gbàgbé abiyamọ. Bó bá máa jìnnà sí ọmọ ní gbogbo òwúrọ̀, kó fọ ọwọ́, kó fún ọmú sínú kọ́ọ̀bù tí wọ́n ti sè, kó dé e. Bí ilé bá tutù, tí kò ju dígírì 25 lọ, wàrà náà lè wà fún wákàtí mẹ́rin. Nínú fìríìjì, ọjọ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n oṣù kẹta ní Sábẹ̀ẹ́ kì í ṣe dígírì 25, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níta. Kọ́ọ̀bù kékeré ni kí ìyá àgbà fi fún ọmọ, kì í ṣe fídà: orí rọ́bà fídà kì í mọ́ bọ̀rọ̀, ìgbẹ́ gbuuru ń bá a rìn. Kó máa bu díẹ̀díẹ̀, torí èyí tí ọmọ bá mu kù, dídà ni. Lọ́jọ́ ìdánwò, kí ìyá fún ọmú kó tó wọlé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á le gbagidi láàárín ìwé, á sì máa ro.

Ọmọ tó ti já lẹ́nu ọmú, tí yóò sùn lọ́dọ̀ ìyá àgbà lọ́sẹ̀ ìdánwò, kó ti máa sùn níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Bí wọ́n bá dúró di alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, wọ́n á gbé e padà wá ní aago mọ́kànlá òru, ẹkún lẹ́nu.