Àpilẹ̀kọ mẹ́sàn-án lórí ìkànnì ìtajà àdìrẹ, oníbàárà ò ti ibẹ̀ wá: kí ló kù?

AláróÌtòkú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ni, ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Instagram ló ń gbé oníbàárà wá, àmọ́ tí a bá fi ọjọ́ mẹ́ta péré ṣíwọ́ fọ́tò gbígbé, ọjà á dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣí ìkànnì tiwa lórí WordPress. Láàárín oṣù mẹ́rin a ti kọ àpilẹ̀kọ mẹ́sàn-án síbẹ̀: "Ẹ kú ọdún Àjíǹde", "Ọjà tuntun ti dé", "Ìdí tí a fi yàtọ̀" àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tibẹ̀ wá kò tó nǹkan. Ṣé búlọ́ọ̀gì tiẹ̀ wúlò fún aláṣọ, àbí ká kó owó náà sí ìpolówó Facebook?

Akọ̀wéỌjà:
Ẹ kú ọjà o. Ó wúlò, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú àwọn àkọlé yẹn. Kò sẹ́ni tó máa tẹ "ọjà tuntun ti dé" sínú Google. Ìbéèrè ni ẹni tó fẹ́ ra àdìrẹ ń tẹ̀ síbẹ̀: yáàdì mélòó ló máa tó mi? Ṣé ó máa ń yọ aró? Báwo ni mo ṣe máa mọ ojúlówó? Ìkíni ọdún àti ìkéde ọjà, Instagram àti Status ni ilé wọn. Ohun tí èèyàn á ṣì máa béèrè lọ́dún tó ń bọ̀ ni kí ẹ kọ sí búlọ́ọ̀gì.

Ibi tí ẹ ti máa rí i kò jìnnà. Ẹ ṣí WhatsApp ṣọ́ọ̀bù, ẹ ka ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ kọ ìbéèrè tó bá ti wá ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ sílẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àpilẹ̀kọ kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan: "Bí a ṣe ń dá àdìrẹ aláró mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀". Ìlà kejì gan-an ni kí ìdáhùn ti wà: ẹ yí aṣọ náà padà, aró máa ń mu dé ẹ̀yìn aṣọ tí a rẹ, ẹ̀yìn èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sì sábà máa ń funfun ju ojú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó ṣàlàyé ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ láfún sí, àti oníko tí wọ́n fi ìko dì. Ẹ ya ojú àti ẹ̀yìn aṣọ kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ má fi ìtàn Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó ń wá ìdáhùn á ti pa á dé kó tó débẹ̀. Èdè tí oníbàárà fi ń béèrè ni kí ẹ fi kọ ọ́: tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará London àti Houston fi ń kọ̀wé sí yín, Gẹ̀ẹ́sì náà ni.

Ẹlẹ́rọWP:
Kí ẹ tó kọ òmíràn, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Reading. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ "Discourage search engines from indexing this site" sí. Ẹni tó bá ń kọ́ ìkànnì máa ń fàmì sí i kí iṣẹ́ tó parí, á wá gbàgbé. Bí àmì bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kíá: òun ló ń sọ fún Google pé kó má gbé yín jáde.

Ẹ wá ṣí Google Search Console, irinṣẹ́ tí Google fi ń fi hàn yín bí ìkànnì yín ṣe ń jáde tí èèyàn bá wá nǹkan, ọ̀fẹ́ ni. Ní Sitemaps, ẹ tẹ wp-sitemap.xml, fáìlì tó to ojú ewé ìkànnì yín sílẹ̀ fún Google; láti ọdún 2020 ni WordPress ti ń ṣe fáìlì yẹn fúnra rẹ̀.

Ẹ má fi àmì ohùn sínú líǹkì. Ó lè di %cc%80 jánganjàngan tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ WhatsApp, èèyàn á sì máa bẹ̀rù láti tẹ̀ ẹ́. "adire-eleko" ti tó. Àmì ohùn wà ní ààyè rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ.

Ní ti fọ́tò, squoosh.app máa bá yín dín in kù: fífẹ̀ 1200 pixel, WebP (irú fáìlì fọ́tò tó fúyẹ́), kó má ju 150 KB lọ. Dátà oníbàárà ni fọ́tò ńlá ń jẹ.

ỌjàOríFóònù:
Ẹ̀yin méjèèjì ò tíì dé ibi tí owó ti ń wọlé. Àpilẹ̀kọ tí kò ní ọ̀nà àbáyọ sí WhatsApp, kíkà lásán ni. Líǹkì rẹ̀ ni wa.me/234, kí nọ́ńbà yín tẹ̀lé e láìsí òdo iwájú àti láìsí àmì +. Ẹ fi ?text= kún un, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ fún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan; %20 ló ń dúró fún àlàfo. Bí ẹnì kan bá wọlé pẹ̀lú "Mo ka ti ojúlówó", ẹ ti mọ èyí tó gbé e wá. Kí ẹ sì kọ iye aṣọ síbẹ̀. "Ẹ bọ́ sí inbox fún iye rẹ̀" ń lé èèyàn.

Akọ̀wéỌjà:
Mo fara mọ́ ti WhatsApp. Ní ti iye, kì í ṣe inú àpilẹ̀kọ. Owó aró àti ti aṣọ funfun tí a ń rẹ ń yí padà, ta ló máa lọ tún àpilẹ̀kọ ogún ṣe? Ojú ewé ọjà ni kí iye wà, kí àpilẹ̀kọ ní líǹkì lọ síbẹ̀.

AláróÌtòkú:
Ẹ ṣeun gan-an. Àmì wà nínú àpótí yẹn lóòótọ́! A ti yọ ọ́. Ṣé a lè ní kí ChatGPT kọ ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà? Kí la sì máa fi àwọn mẹ́sàn-án àtijọ́ ṣe?

Ẹlẹ́rọWP:
Ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà kọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Google fi kíkọ ojú ewé rẹpẹtẹ torí àtigba ipò nínú èsì ìwákiri nìkan sínú òfin tó lòdì sí spam (ìjẹkújẹ orí ìkànnì), ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ló kọ ọ́ tàbí èèyàn. Ẹ̀rọ náà ò sì tíì fọwọ́ kan aṣọ yín rí. Méjì lóṣù, tó ní fọ́tò tiyín, ti dára.

Ẹ fún un ní bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, kí ẹ wá wo Performance nínú Search Console. Bí impression (iye ìgbà tí Google fi yín hàn) bá pọ̀ tí click (títẹ̀ wọlé) ò sí, tí ipò yín sì wà lójú ewé kìíní, àkọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Tó bá ti kọjá nǹkan bí lẹ́tà 60, Google sábà máa ń gé e. Bí ipò bá wà láàárín 11 sí 20, ìyẹn bí ojú ewé kejì, ẹ má kọ tuntun lórí ọ̀rọ̀ kan náà, torí méjèèjì á máa bára wọn jà. Èyí tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ fi ìdáhùn kún.

Ìpolówó Facebook, ẹ fi pamọ́ de Iléyá àti Kérésì. Ọjọ́ tí owó bá tán ló ń dúró. Ní ti àwọn mẹ́sàn-án, ẹ pa ìkíni ọdún rẹ́. "Ìdí tí a fi yàtọ̀" ní nǹkan nínú: ẹ tún un kọ di ti ojúlówó àdìrẹ, lórí líǹkì kan náà.