Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ATmega328P (chip kọ̀ǹpútà kékeré) tó ń sùn tó ṣì ń jẹ bátìrì: a ti rí ìdí ẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àdúrótì o. Ẹ rántí ATmega328P tí mo fi ń wo omi inú táǹkì wa ní Òkè-Fìà, tó jẹ́ pé tó bá ti sùn, níbi tó yẹ kó máa jẹ nǹkan bíi 5 µA pẹ̀lú watchdog (aago inú chip tó ń jí i), ó ṣì ń fa ju 1 mA (1000 µA) lọ, bátìrì ò sì pẹ́ rárá? Ó ti yanjú!

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n pa ADC (apá chip tó ń sọ fóltéèjì di nọ́ńbà) kó tó sùn àtẹni tó dárúkọ brown-out (apá tó ń ṣọ́ bóyá fóltéèjì ti já wálẹ̀ jù), ẹ ṣeun gan-an, méjèèjì dín in kù lóòótọ́, àmọ́ olè gangan ò sí níbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ I2C tí mo so mọ́ chip ni (I2C ni pé wáyà méjì, SDA àti SCL, ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀). Transistor ló ń gé iná ẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo fi mítà kan ẹsẹ̀ iná ẹ̀, dípò òdo, bíi 2 V ló gbé wá! Resistor 4.7k méjì tó wà lórí SDA àti SCL, ara 3.3 V tí kì í kú ni wọ́n so wọ́n mọ́, iná wá ń gba ibẹ̀ àti diode (ọ̀nà iná alápá kan) inú sẹ́ńsọ̀ wọlé.

Mo tú méjèèjì, mo so wọ́n mọ́ iná tí transistor ń gé, mo tún ní kí chip fa SDA àti SCL sí LOW (òdo) kó tó sùn. Bí nọ́ńbà ṣe já wálẹ̀ nìyẹn, 5 µA, inú mi dùn débi pé mo pariwo.

Ẹni tí tiẹ̀ bá ṣì ń fa, kó máa yọ wáyà sẹ́ńsọ̀ níkọ̀ọ̀kan bí chip bá ṣe ń sùn, kójú ẹ̀ wà lára mítà.