Jìnnìjìnnì yàtọ̀ sí ìjáyà: lórí "apá kejì" àti The Conjuring 2

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Bọ̀dá tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ sọ nǹkan méjì pọ̀. Wọ́n ní lédè Yorùbá, fíìmù tó bá wá lẹ́yìn òmíì ká máa pè é ní "apá kejì", fíìmù iwin àti ẹ̀mí àìmọ́ ká máa pè é ní "fíìmù abanilẹ́rù", wọ́n wá fi The Conjuring 2 ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n ní kò tó ti àkọ́kọ́ torí kò bani lẹ́rù tó o. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an àmọ́ mi ò gbà, mi ò gba ti ọ̀rọ̀ yẹn mi ò sì gba ti fíìmù yẹn, lójú tèmi ọ̀rọ̀ tí a ò yà sọ́tọ̀ gan-an ló jẹ́ ká máa jà lórí fíìmù.

"Apá kejì" ná. Tí ìtàn ò bá tíì parí, tí wọ́n ní ká lọ wo apá kejì, òótọ́ ni, apá ni, torí ẹni tó wo ọ̀kan tí ò wo ìkejì ò tíì gbọ́ ìtàn tán. The Conjuring àkọ́kọ́, ti ọdún 2013, ò rí bẹ́ẹ̀. Ìdílé Perron ni, ní Rhode Island lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ọdún 1971, ẹ̀mí burúkú gun ìyá wọn, Ed àti Lorraine Warren, tọkọtaya tó ń tọpinpin ọ̀rọ̀ iwin àti ẹ̀mí àìmọ́, bá wọn lé e jáde, ó parí. The Conjuring 2, ti 2016, Enfield ni, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1977, ìdílé Hodgson, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Janet. Tọkọtaya Warren ló so méjèèjì pọ̀, àti James Wan tó darí wọn. Kí ló wá kan apá níbẹ̀? "Àtẹ̀lé" tí ẹnì kan dá lábàá ni mo fara mọ́, fíìmù àtẹ̀lé. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ yẹn ti rẹ fíìmù náà sílẹ̀ kó tó débì kankan, àmọ́ ṣebí àbúrò ló ń tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n, ta ló wá ní kó má ga jù ú lọ?

Ibi tó ká mi lára jù ni "abanilẹ́rù" yẹn. Ẹ̀rù pọ̀ lóríṣiríṣi lédè wa o. Ìjáyà wà: nǹkan fò yọ lójijì, àyà ẹ já, o figbe ta, kí o tó mí o ti ń rẹ́rìn-ín. Jìnnìjìnnì wà: kò tíì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá, orí ẹ kàn ń wú, ara ẹ ń bù máṣọ, ojú ẹ ò sì kúrò ní kọ̀rọ̀ kan tó ṣókùnkùn.

Ẹ wá wo The Conjuring 2 pẹ̀lú ìyẹn lọ́kàn. Ibi tí Ed ti ń bi ohùn tó ń ti ẹnu Janet jáde ní ìbéèrè, ohùn yẹn ní òun ò ní sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń wo òun, ni Ed bá kẹ̀yìn sí i. Kámẹ́rà dúró sójú Ed, kò kúrò níbẹ̀, Janet wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó rí bàìbàì, ohùn bàbá arúgbó sì ń dún, o ń wo bàìbàì yẹn o ò mọ̀ bóyá ọmọ ṣì ni àbí bàbá ti jókòó síbẹ̀. Nǹkan kan ò fò yọ. Jìnnìjìnnì pọ́ńbélé nìyẹn, mi ò sì rí irú ẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, àní pẹ̀lú ibi tí ìyá yẹn ti ṣáná nínú òkùnkùn yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí ọwọ́ méjì yọ tó pàtẹ́wọ́, torí ìjáyà ni ìyẹn já sí nígbẹ̀yìn.

Mo gba ti Bọ̀dá níbì kan ṣá: ọkùnrin gíga wíwọ́ tó jáde látinú ohun ìṣeré ọmọdé yẹn, ìjáyà lásán ni, ó ba nǹkan jẹ́, fíìmù náà sì gùn, ìṣẹ́jú 134 nígbà tí ti àkọ́kọ́ jẹ́ 112. Síbẹ̀ ó kájú òṣùwọ̀n. Àtẹ̀lé tó jáni kulẹ̀ ni Exorcist II ti 1977, tó tẹ̀lé The Exorcist ti 1973, William Friedkin tó darí ti àkọ́kọ́ yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́, John Boorman ló gbà á, wọ́n wá gbé ẹ̀rọ oníná tó ń ṣẹ́jú kalẹ̀ tí wọ́n fi ń wọnú ọkàn èèyàn, wọ́n ń ṣàlàyé ṣáá. Jìnnìjìnnì ò fẹ́ àlàyé.

Ó ku ọ̀kan. Annabelle: Creation, fíìmù míì nínú ẹbí The Conjuring, jáde ní 2017, lẹ́yìn Annabelle ti 2014, àmọ́ ìtàn ẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, "àtẹ̀lé" ò lè gba ìyẹn. "Aṣáájú" máa gbé ọkàn èèyàn lọ sọ́dọ̀ olórí ẹgbẹ́, nítorí náà "fíìmù ìṣáájú" ni mo mú wá, ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ kó jọ̀ọ́ gbé e kalẹ̀.