Ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí páàkì tá a fẹ́ ṣe létí odò Ògùn

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Ní àdúgbò wa ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta níbí, ilẹ̀ kan wà létí odò Ògùn tó ti di ààtàn, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Níjọ́ tá a ṣe mítínì CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) la ní ká kúkú sọ ọ́ di páàkì, ká gbin igi, ká ṣe bẹ́ǹṣì, káwọn ọmọdé ríbi ṣeré, káwọn ìyá tó ń ta láfún náà ríbi jókòó sí.

Wàhálà ti owó ni. Bàbá kan ní kí ilé kọ̀ọ̀kan dá 5,000 náírà, làwọn ayálégbé bá fárí gá pé ṣé ilẹ̀ onílẹ̀ làwọn fẹ́ máa náwó lé lórí, ká má tíì sọ tàwọn tí ò gbàgbé owó tiransifọ́mà tá a dá níjọ́sí, tá ò rí tiransifọ́mà tá ò rówó (ẹ jẹ́ n dákẹ́).

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni omi. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá ẹ ṣáà mọ̀ pé tójò bá pọ̀ tí wọ́n tún ṣí omi dáàmù Ọ̀yán, odò Ògùn á kún dé ẹnu ọ̀nà èèyàn. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká da kankéré síbẹ̀, èmi ní koríko àti igi ló dáa, kí omi lè ríbi wọlẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣerú ẹ̀ rí, ọ́fíìsì wo la máa kọ́kọ́ lọ, ti lókà ni àbí ti sítéètì? Báwo lẹ ṣe ń ṣírò owó lójú gbogbo èèyàn tí ò fi díjà?